Ata-wẹ́wẹ́ àti Kóòtù Àna Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ẹṣin, ọ̀dọ̀ mi ni kó wá, kó má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣòfò níbòmíràn. N kò jókòó ní kíláàsì kankan rí, ẹ̀yìn ẹṣin ni mo ti kàwé. Èmi ni mo pín àwọn ẹṣin ilé ẹṣin wa sí ọ̀wọ́. Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná ni àwọn tí egungun wọn fẹ́lẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín. Bí ewé bá já, wọ́n ti fò sókè. Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ tútù ni àwọn abara-bí-àpáta, tí pátákò wọn fẹ̀ bí àwo, tí wọ́n ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù títí ilẹ̀ fi ń ṣú láìbínú. Àwọn àdàlù wà láàrin: ara díẹ̀, iná díẹ̀. Ní ti àwọn kúkúrú, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló kún orí wọn. Ọ̀kan wà tó máa ń ṣí ìlẹ̀kùn jáde, tí á tún padà tì í kí a má baà fura.

Èmi náà ni mo ṣòfin pé a kì í fi iná pa iná. Olùtọ́jú tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹṣin tútù là ń fún un. Ẹni tó bá tutù ni yóò tọ́jú ẹṣin gbígbóná. Òfin yìí ló fẹ́ pa Ata-wẹ́wẹ́.

Ọkùnrin kúkúrú ni Ata-wẹ́wẹ́, kò sì tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí tíì bá gbóná jù, á bá ife jà. Nítorí náà, Òkè ni mo fún un, ẹṣin tútù kan tó tóbi débi pé òjò kì í kan ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń kó ẹrù, ṣùgbọ́n kò yin ẹṣin náà rí. "Àpò sìmẹ́ńtì tó hu ẹsẹ̀" ló ń pè é.

Ara Mànàmáná ni ojú rẹ̀ wà, abo ẹṣin gbígbóná tí ìyá onílé ẹṣin, ọ̀gá gbogbo wa, fi ń díje. Ta ni mo sì fi Mànàmáná lé lọ́wọ́? Jẹ́jẹ́ ni, àbúrò ìyàwó Ata-wẹ́wẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ilé bá ń jó, Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀.

Owú wọ Ata-wẹ́wẹ́ lára bí ẹ̀gún. Bí àna rẹ̀ bá wá kí wọn nílé, á gbé àga tó dára pamọ́. Ògiri kan ló wà láàrin èmi àti wọn, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sọ síra wọn.

"Ìwọ lo mú un wá síbi iṣẹ́ mi!"

"Ṣé àbúrò mi lẹ ń jowú ni, àbí ẹṣin?"

"Ta ló ń jowú? Ṣé ìgbín ló yẹ kó máa tọ́jú àṣá?"

"Ẹ rọra o. Ẹnu tí ẹ fi ń bú u náà lẹ fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ bá ìyá onílé ẹṣin pé kó fi Mànàmáná lé òun lọ́wọ́. Obìnrin náà fẹ́ràn eré. Ó ní, "Ó dáa. Láàárọ̀ ọ̀la, bí o bá lè fi ìjánu sí i lẹ́nu, tí o sì mú un yí àgbàlá po láìjẹ́ kó já mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ lo ni ín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́." Mo ní òfin mi ń kọ́? Ó ní kí n jókòó.

Olùtọ́jú ẹṣin nìkan ló lè ronú ohun tí Ata-wẹ́wẹ́ ronú. Ó mọ̀ pé imú ni ẹṣin fi ń mọ èèyàn. Ló bá lọ yọ kóòtù tí Jẹ́jẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ lára ìṣó, ó gbé e wọ̀. Kóòtù bò ó dé orúnkún.

Jẹ́jẹ́ wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ yín o. Apá kóòtù nìkan ló ń wá ọwọ́ yín."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, wá ibì kan dúró sí!"

Mànàmáná gbóòórùn kóòtù, ó rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó gba ìjánu bí ọmọ ṣe ń gba ọmú. Wọ́n gbéra, Ata-wẹ́wẹ́ sì ga sí i lójú mi, mo búra. Ó ku igun kan péré, ibi ìlẹ̀kùn Òkè.

Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti wá ibi dúró sí. Òkè ti gbé orí ńlá rẹ̀ lé e léjìká, ó dijú, Jẹ́jẹ́ sì ń họ ẹ̀yìn etí rẹ̀.

Ata-wẹ́wẹ́ dúró sójú kan. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Òun ló gbé orí lé mi, ẹ̀gbọ́n."

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò létí ẹ̀!"

"Ṣebí àpò sìmẹ́ńtì ni?"

"Sìmẹ́ńtì tèmi ni!"

Ó ju ìjánu sílẹ̀, ó sì fi èjìká ti àna rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mànàmáná já, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ gba abẹ́ okùn ìsáṣọ, aṣọ ibùsùn ìyá onílé ẹṣin há sí i lọ́rùn, ó sì ń gbé e sáré kiri àgbàlá. Ata-wẹ́wẹ́ kò wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sí ọrùn Òkè. Òkè gbóòórùn kóòtù, ó wò ó bí àlejò, ó sì tún na orí sí Jẹ́jẹ́.

Hàà! Bí ọkùnrin náà ṣe fa kóòtù ya kúrò lára, bọ́tìnnì kan fò bọ́ sínú tíì tí mo gbé lọ́wọ́. Ó wá dúró níbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹṣin náà gbóòórùn rẹ̀ látorí délẹ̀, ó mí gbòò sí i lórí, ó sì gbé àgbọ̀n lé e níbẹ̀.

"Mànàmáná ń kọ́?" ni ìyá onílé ẹṣin bi í.

"Jẹ́jẹ́ ló ni ín, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kìlọ̀ fún un."

Títí di òní, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni Jẹ́jẹ́ ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Àna rẹ̀ kì í jẹ́ kó kọjá níwájú ìlẹ̀kùn Òkè.