Ẹ Wá Fọwọ́ Ara Yín Kó Fáìlì Yín Kúrò

Nígbà tí mo wà ní kékeré débi pé mo lè wọ inú àká iṣu láìtẹ̀ba, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn ju bọ́ọ̀lù lọ: kíkó iṣu àtijọ́ kúrò kí tuntun tó dé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nílé ìkàwé wa ní Bantè, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣu yìí, nítorí fáìlì yín ni mo ń bá bọ̀. Ìpàdé ti pinnu pé ní Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn yóò pa rẹ́. Mo ní wọn kò tó bẹ́ẹ̀.

Àká kan ni gbogbo agboolé wa ń lò. Igi la fi ṣe ọgbà rẹ̀, koríko la fi bò ó, inú rẹ̀ a sì máa tutù, a máa ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Olúkúlùkù ló ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀. Bí iṣu Làbókò tuntun bá kù díẹ̀ kó jáde, bàbá bàbá mi á máa ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí èkejì láàárọ̀: "Ẹ wá yọ tàtijọ́ yín o, tuntun ń bọ̀, kò ríbi sùn!" Àárọ̀ mẹ́ta ló fi ń ké bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, Bàbá kì í da iṣu rẹ̀ nù. Á gbé e wá síwájú ilé onítọ̀hún, tòun ti omi tó ń ro lára rẹ̀, tòun ti eṣinṣin. Aládùúgbò á di imú, ìyàwó ilé á figbe ta, kí oòrùn tó kanrí, olóhun á ti wá kó o. "Ọwọ́ olóhun ni í da ohun rẹ̀ nù," bẹ́ẹ̀ ni Bàbá máa ń wí.

Èmi rò pé ọgbọ́n tèmi ju ti Bàbá lọ. Lọ́dún kan, nígbà tí gbogbo àgbà wà lóko, mo wọ àká, mo kó gbogbo iṣu tó ti hunjọ dà sí kòtò ẹ̀yìn ilé. Mo gbá ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán. Mo wá jókòó, mò ń retí iṣu sísè àti epo pupa tí wọn yóò fi yìn mí.

Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ dé. Savalou ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Èdè wa ló fi ń bá wa ṣeré, èdè Mahi ti ilé wọn ló fi ń bínú. Lọ́jọ́ náà, tààrà ló lọ sí ìlà tirẹ̀ nínú àká. Àwọn iṣu kéékèèké dúdú tó wà ní ìlà tirẹ̀, èbù tó gbé wá láti ilé ìyá rẹ̀ ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ládùúgbò wa. Iyán rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, ó sì dùn débi pé a lè jẹ ẹ́ láìlọ́bẹ̀. Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ nínú kòtò. Bàbá mi já ẹgba, Ìyá àgbà dá a dúró. Ó fà mí lọ sí kòtò, ọjọ́ mẹ́ta la fi ń fi ìka tú ìdọ̀tí. Ègé kan ṣoṣo la rí. Ó gbìn ín, kò hù. Ó wò mí, ó ní: "Ọmọ mi, o mà gbálẹ̀ dáadáa o." Ẹgba ìbá sàn fún mi. Mo ti lọ sí yunifásítì, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìntì, n kò tíì jẹ irú iyán bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan gun alùpùpù wá láti Koko pé òun fẹ́ kọ ìwé ìwáṣẹ́. Ẹ̀rọ ní kò sí àyè mọ́. Ṣantálì, obìnrin tó ń bá wa tún un ṣe, bú sẹ́rìn-ín.

"Papá, ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó tẹ̀ ẹ́! Fọ́tò ìgbéyàwó ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn náà wà níbí!"

"Ohun tirẹ̀ ni. Òun ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́."

"Papá, orí yín le o."

"Ó ti le kí wọ́n tó bí ọ."

Mo jókòó, mo pa tèmi rẹ́: ẹ̀sùn mẹ́rin tí mo kọ lórí ààlà ilẹ̀ àti ìtàn ìgbésí ayé mi tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje tí n kò parí. Àyè yọ díẹ̀, obìnrin náà kọ ìwé rẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Lẹ́yìn náà mo tẹ orúkọ fáìlì yín sórí ìwé, mo sì ń gbé e káàkiri ẹnu ọ̀nà yín. Ní Akpassi, Dáníẹ́lì tí a jọ ṣe olùkọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àgbẹ̀ kaṣú ni mí báyìí, ta ló fi mí joyè fáìlì?" Ó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní: "Èyí, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọdún tó kú ni mo gbà á sílẹ̀. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án."

Nígbà èwe wa, ohun tó bá bàjẹ́ a máa rùn, imú la fi ń rántí rẹ̀. Lónìí, fáìlì kì í rùn. Èyí tó ti kú àti èyí tó ṣì ń mí jọ ń dákẹ́ síbẹ̀ ni, olóhun nìkan ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nígbà náà, ohun ẹni a máa pẹ́ kó tó parun. Lónìí, ìka kan ti tó. Nítorí náà, ẹ wá. Ẹ yọ ti yín, kí àyè lè wà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé wà lápò mi. Ní Sátidé, iwájú kọ̀ǹpútà náà ni mo máa jókòó sí láti òwúrọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ pa ohun ẹni tí kò sí níbẹ̀ rẹ́ yóò kọ́kọ́ gbé èmi àti àga mi kúrò, àwa méjèèjì sì wúwo.