Sagbo Ò Fẹ́ Kí Wọ́n Tún Un Ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Sagbo, kó béèrè ọjọ́ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà Àgbádárìgì, tó ń ké pé, "Ó ti pa á o!" Àwọn ọkùnrin gbé igi. Àwọn ìyá fa ọmọ wọn mọ́ra. "Ta ló pa?" Sagbo nawọ́ sí Zulaikha tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé. Mọ́tò ìṣeré kékeré kan ló wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Táyà mẹ́ta péré ni wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́, wọ́n gbàgbé ìkẹrin. Zulaikha ṣàánú Sagbo tó fẹ́ rà á, ó yọ táyà lára òmíràn, ó fi ṣe ìkẹrin.

"Bàbá, mo kàn bá yín tún un ṣe ni."

"Ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an ò lè tún un ṣe, ìwọ wá tún un ṣe!"

Àwọn tó gbé igi wo ara wọn. Ọ̀kan ní igi ò gbọdọ̀ lọ lásán, kí àwọn kúkú fi na Sagbo.

Dosi, ọ̀rẹ́ Sagbo, ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ni ní Kankon. Ohun tó bá wọ́, inú ló ń bí i. Ohun tó wọ́ sì ni Sagbo ń kó jọ: mọ́tò tó níwájú méjì tí kò lẹ́yìn, bọ́ọ̀sì tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dorí kodò.

"Àbùkù lo kó sílé."

"Àkàndá ni. Èyí tó pé, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà. Èyí, òun nìkan ni."

Ó wá ní kí Dosi kan kọ́bọ́ọ̀dù tí òun máa tò wọ́n sí. Ojú Dosi ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, àmọ́ kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ẹsẹ̀ kan lára kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrú. Wọ́n to mọ́tò sí i, àwọn tí táyà wọn ò pé dúró digbí. Mọ́tò kan ṣoṣo tó pé níbẹ̀, èyí tí Bísọ́lá ìyàwó Sagbo fi ta á lọ́rẹ, òun ló ń yí já bọ́ lójoojúmọ́.

Sagbo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dosi, ìwọ náà ti ṣe àkàndá!"

Dosi fa hámà yọ láti tún ẹsẹ̀ náà ṣe. Sagbo dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ.

"Kúrò níbẹ̀! Ojú àlejò lo gbé e sí. Wọ́n ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ta ló tún máa gbé iṣẹ́ fún mi?"

"Èmi."

Dosi tutọ́ sílẹ̀. Ó búra pé òun ò ní tẹ ilé yẹn mọ́, kò sì tẹ̀ ẹ́ títí Sagbo fi kú. Níbi ìsìnkú pàápàá, inú ń bí i. Ọkùnrin náà ti lọ, kọ́bọ́ọ̀dù ṣì wà ńbẹ̀, ó ń ba òun lórúkọ jẹ́.

Wọ́n sin ín tán, Dosi gbé hámà, ìṣó àti pákó kékeré kan, ó lọ sílé Sagbo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé," Bísọ́lá wí. "Kò sẹ́ni tó máa dí yín lọ́wọ́ mọ́. Ẹ tún un ṣe, kí ọkàn yín lè balẹ̀."

Dosi kúnlẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ kúkúrú náà mú. Mọ́tò tó pé yí wá, ó já lù ú lórí.

"Sagbo, olóríburúkú!" Ó pariwo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó ń retí ẹ̀rín Sagbo. Ó gbé hámà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tún un ṣe mọ́ ni?"

"Ta ló lè tún un ṣe?"

Ó gbé mọ́tò náà padà sókè. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó ń dúró kó tún já bọ́.