Èènì Inú Kọ̀ńténà

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: agbéraga paraku ni mí nígbà yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń kó ọjà láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Mo fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì mi ní Sángótẹ̀dó, níbi tí ẹni tó bá wọlé kò ti ní lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bí ẹ bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, àfàìmọ̀ kí n má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi dá yín lóhùn.

Iṣẹ́ wa ò sì ju gàrí lọ. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ń gbé ní ẹ́sítéètì àwọn olówó tí wọ́n ń pè ní VGC, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. À ń ra gàrí Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án, à ń sẹ́ ẹ, à ń dì í sínú báàgì oníkílò méjì-méjì. Àwọn obìnrin mẹ́rìnlá ló ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ilé ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì mi. Ọjà yìí ò rìn nílé. Ta ló fẹ́ ra gàrí inú báàgì aláràbarà nígbà tí kóńgò wà lọ́jà? Ọ̀gá ti sọ fún mi láìfepo-bọyọ̀ pé bí nǹkan ò bá yí padà kí ọdún tó parí, àwọn á ti ilẹ̀kùn, àwọn á sì sọ ibẹ̀ di gbọ̀ngàn ìnáwó.

Àfi bí Ọlọ́run ṣe ṣí ọ̀nà kan. Obìnrin kan, ọmọ Yorùbá tó ní ṣọ́ọ̀bù márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù, ń wá ẹni tí yóò máa kó gàrí fún un. Ọ̀gá gbé báàgì mélòó kan fún un nígbà tí wọ́n lọ kí ọmọ wọn níbẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan láti Kùtọnù náà ti gbé tiwọn wá. Obìnrin náà ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kó kọ̀ńténà kan wá ná. Ẹni tí tiẹ̀ bá tà jù ni yóò gba iṣẹ́ odindi ọdún kan. Ọ̀rọ̀ wá di méjì péré: iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tàbí gbọ̀ngàn ìnáwó.

Áà, mo ṣètò! Mo ya àwòrán sára ògiri: ọjọ́ tí gàrí máa dé, ọjọ́ tí a máa dì í tán, wákàtí tí tírélà máa kúrò ní Sángótẹ̀dó, wákàtí tó máa wọ èbúté ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kki. Kódà mo kọ ibi tí dẹ́rẹ́bà ti máa dúró tọ̀ síbẹ̀. Báàgì ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, kílò méjì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo sọ ọ́ ní ìlọ́po, mo kọ iye ìwọ̀n ẹrù sínú ìwé, mo buwọ́ lù ú. Mi ò wọn nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ wọ̀n? Ìṣirò kì í purọ́.

Ìyá, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, ló jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń di gàrí. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, bàbá wọn ló ni ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ wa jókòó lé kí ìdílé tó tà á. Owó ilé ń wọlé fún wọn, ebi ò pa wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìjókòó lásán ló ń pa àgbà. Ọjà Ajah ni wọ́n ti ta gàrí títí irun wọn fi funfun. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni Ọ̀gá Ìwé, ohùn Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́nu wọn sì máa ń fa orúkọ náà gùn bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí yẹ̀yẹ́ náà ni wọ́n ń fi mí ṣe. Àwọn obìnrin yòókù á wọn gàrí lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á tì í sọ́dọ̀ Ìyá ní ìparí tábìlì, Ìyá á sì fi ẹ̀rọ lẹ ẹnu báàgì pa.

Nǹkan kan ló ń dà mí láàmú lásìkò yẹn: gàrí ń tán kí báàgì tó tán. Mo kà á, mo tún un kà, kò yé mi. Mo bá pinnu pé eku ni. Mo ra oògùn eku, mo ra pàkúté, mo lọ yá ológbò lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ológbò náà sùn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò rí eku kan pa. Gàrí ń lọ síbẹ̀síbẹ̀. A tún ra àpò gàrí mélòó kan sí i, a parí iṣẹ́, tírélà gbéra.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni dẹ́rẹ́bà pè mí láti èbúté. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, èèyàn dáadáa, àmọ́ kò sí ohun tí kò lè rí ẹ̀mí nínú rẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ẹrù yìí wúwo ju ohun tí ẹ kọ lọ. Ó fi tọ́ọ̀nù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wúwo jù. Wọn ò gbà á o. Mo sì ti mọ̀. Láti Awóyáyà ni ẹ̀mí ti fi hàn mí pé nǹkan kan jókòó sínú kọ̀ńténà yìí."

"Kí ló jókòó síbẹ̀?"

"Ẹ̀mí ò dárúkọ ẹ̀."

Ìwọ̀n tí èèyàn bá kọ sínú ìwé ni wọ́n fi ń to ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi, kó má baà fì sápá kan. Bí ìwé bá ní ọ̀kan tí òṣùwọ̀n èbúté ní òmíràn, wọ́n á dá ẹ padà, ẹjọ́ wọn sì tọ́. Wọ́n tún lè rò pé o fi nǹkan tí ò dáa pamọ́ sábẹ́ gàrí. Mo ti ń rí ara mi nínú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú páálí lọ́rùn.

Wọ́n dá tírélà padà. Mo ní kí wọ́n tú gbogbo ẹrù sílẹ̀, èmi fúnra mi wọ inú kọ̀ńténà, mo ń gbá ògiri rẹ̀ bí ẹni ń wá ihò. Gàrí nìkan ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí agara dá mi ni mo gbé báàgì kan lé òṣùwọ̀n. Kílò méjì, ó lé gíráàmù àádọ́jọ. Mo gbé òmíràn, bákan náà. Mo gbé ogún, iye kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, bóyá ká rí ọ̀kan tó fi díẹ̀ yẹ̀. Inú ń bí mi débi pé mi ò ráyè ronú nípa bí ìyẹn ṣe ṣeé ṣe.

"Ta ló ń bu gàrí kún un?" Mo pariwo títí ológbò fi jí.

Ìyá nawọ́ sókè, wọn ò tiẹ̀ bojú wolẹ̀. "Èmi ni. Èènì ni."

"Èènì wo?"

"Èènì wo tún ni? Ọmọ Yorùbá kọ́ ni ìwọ ni? O fẹ́ ta gàrí fún èèyàn kí o má fi ẹ̀kúnwọ́ kan sí i? Tí oníbàárà bá padà débí lọ́la, ojú wo lo fẹ́ fi wò ó?"

"Ìyá, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà! Wọn ò ní padà débí lọ́la!"

"Bí wọn ò bá rí èènì, wọn ò ní padà dé lóòótọ́."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́. Mo sọ ohun tí mi ò bá má sọ: "Ọjà ọlọ́jà lẹ ń fi ṣe ọ̀làwọ́. Olè nìyẹn o, Ìyá. Olè jíjà ni."

Ìyá tú épúróònù wọn, wọ́n ká a, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n kí àwọn obìnrin pé ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n bá ẹnu ọ̀nà jáde. Mo sọ fún ọ̀gá pé ó rẹ Ìyá ni, pé wọ́n lọ sinmi.

A tú báàgì ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, a bu èènì kúrò nínú gbogbo rẹ̀, a tún un lẹ̀ pa. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ, a bá ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e lọ. Ìwọ̀n wa bá ìwé mu rẹ́gí. Mo yangàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin Lọ́ńdọ̀nù pe ọ̀gá lórí fóònù. Ọ̀gá fi ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Gàrí yín dára, mi ò purọ́. Àmọ́ àwọn oníbàárà mi ń ráhùn. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbé wá kún dẹ́múdẹ́mú, ohun tó jẹ́ kí n mú yín nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ kó wá báyìí rọ̀ bíi ikùn ẹni tó gbààwẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, ó pé. Ti àwọn ará Kùtọnù náà pé. Kí wá ni ìyàtọ̀ yín sí wọn? Ẹ kó ọ̀kan sí i wá. Bí kò bá rí bíi ti àkọ́kọ́, ẹ má bínú sí mi o."

Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n wo ìwé ẹ̀rí mi lára ògiri, wọ́n wo èmi náà. "Ta ló di èyí tí mo gbé lọ nígbà yẹn?"

"Ìyá ni mà."

"Ìyá tó ń sinmi? Lọ jí wọn."

Mo ra ọsàn dání, mo lọ bá Ìyá nínú agboolé wọn ní Ajah. Àgbọn ni wọ́n ń fọ́. Kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán ni wọ́n ti bèèrè pé, "Ọ̀gá Ìwé, ṣé eku yín ti kú?" Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Mo ní bí wọ́n bá padà, màá kọ ìwọ̀n èènì mọ́ ti ọjà sínú ìwé èbúté, a ó sì ra ife kékeré kan tí wọ́n á máa fi wọ̀n ọ́n.

"Ife kẹ̀? Èyí tí wọ́n bá wọ̀n, ọjà nìyẹn. Èènì, ọwọ́ ló ń bù ú."

Ìgbà náà ni mo rántí ogún báàgì tó sọ iye kan náà. Kí ni mo fẹ́ fi ife ṣe? Mo ní, "Ẹ fi ọwọ́ yín bù ú, Ìyá. Ohun tí ọwọ́ yín bá bù ni màá kọ."

Wọ́n fọ́ àgbọn kan sí i. Ohùn wọn wá rẹlẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń ta gàrí, kò sẹ́ni tó pè mí lólè rí. Àfi ìwọ. Torí pé mo fún èèyàn ní nǹkan. Mi ò lè sùn lọ́jọ́ yẹn." Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé ọsàn ọwọ́ mi sí. Wọ́n ní, "Ibí kọ́ lo ti sọ ọ́. Lọ máa retí mi níbi tó o ti sọ ọ́."

Kí n má fi yín sínú òkùnkùn: kọ̀ńténà kejì náà lọ nígbà tó yá, ìwọ̀n rẹ̀ ò yẹ̀, a sì gba iṣẹ́ ọdún náà. Ṣùgbọ́n Ìyá ò tíì wọlé lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù ni wọ́n dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n káwọ́ gbera, àwọn obìnrin mẹ́tàlá ń wò wá láti ìdí tábìlì. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìyẹ̀fun gàrí tó wà nílẹ̀, mo ní kí gbogbo èèyàn gbọ́, Ìyá kì í ṣe olè, ẹnu mi ló jìn sí kòtò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó ti tó. Dìde."

Mo dìde, gbogbo àyà mi funfun. Mo wo ojú wọn, omi ti lé sí i, èmi náà ò sì lè dá tèmi dúró. Mo tún wó lulẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí tún lèyí? Mo ní ó ti tó."

Mo ní, "Èènì ni, Ìyá."