Àgbọn Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ fẹ́ jẹ àgbọn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, kò sẹ́ni tó jókòó sílé ní àdúgbò wa ní Ìbà. Àwọn àgbà ibí gbà pé ẹni tó bá gbin àgbọn kì í jẹ nínú èso rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó di èrò ọ̀run. Pásítọ̀ gbé òróró wá. Alájì Kàsúmù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ike lọ́jà Ajangbadi, ti ṣe àlùwàlá dúró. Màmá Gbémisọ́lá, ìyàwó rẹ̀, kò lè wò ó. Ojú fèrèsé ló ti ń sunkún. Bàbá fi àdá bẹ́ àgbọn lórí, ó mu omi rẹ̀ tán, ó fọ́ ọ, ó jẹ ẹ́, ó sì na ara rẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ igi náà. Kò pẹ́ tó fi dijú. Màmá figbe ta, Pásítọ̀ dá orin ìsìnkú. Orin ò tíì dé ìlà kejì tí òkú fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ará Ìkàrẹ́ ni Bàbá, olùkọ́ yunifásítì ni kó tó fẹ̀yìn tì, olórí kunkun sì ni látilẹ̀ wá. Ó ní kò sẹ́ni tó to ayé òun sílẹ̀ de òun. Alájì ní irọ́ ni, kádàrá ti ṣáájú ìbí. Lójú Alájì, ọ̀la ti wà níbi tó wà, àwa là ń rìn lọ bá a. Bàbá á ní ọ̀la ò sí níbì kankan, àfi tí ènìyàn bá dìde lọ ṣe é. Látìgbà tí wọ́n ti jọ kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń fà á.

Kí kádàrá má baà mọ ibi tí òun ń lọ, Bàbá a máa ṣẹ́rí padà lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ó ń lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ní Okokomaiko. Ó dé ìdajì ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gba Ajangbadi lọ. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Alájì, àga ti wà nílẹ̀ dè é, omi tútù sì wà lórí tábìlì. Ó bi í léèrè ẹni tó sọ fún un pé òun ń bọ̀.

"Ṣebí òní ni ìpàdé yín," ni Alájì wí. "Ìgbà wo lo lọ rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Lọ́jọ́ kejì ló ra ọmọ àgbọn ní Ìjànìkin, ó gbìn ín síwájú ilé, ó ní òun á jẹ nínú rẹ̀ kí Alájì lè panu mọ́. Ẹ̀rù ba Alájì fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé òun ti gbà, kó hú u. Màmá kúnlẹ̀ fún un.

"Bàbá Gbémi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di opó nítorí àgbọn."

Bàbá ò gbọ́. Màmá bá ń yọ́ da omi ìfọṣọ sí i nídìí kó lè kú. Ńṣe ni igi ń tutù yọ̀yọ̀. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń bá òun bomi rin ín.

Lẹ́yìn jíjẹ àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń jẹ ẹ́. Nígbàkígbà tó bá ká a, ó ń fi ránṣẹ́ sí Alájì, Alájì á sì ní kádàrá òun ni láti máa jẹ àgbọn ọ̀fẹ́.

Nígbà tí Bàbá sùn tí kò jí mọ́, kò fẹnu kan àgbọn lọ́sẹ̀ náà. Níbi ìsìnkú, wọ́n bi Alájì pé ta ló wá jàre nínú wọn. Ó ní ó ti wà lákọọ́lẹ̀ pé Ọmọ́tọ́ṣọ́ ọ̀rẹ́ òun á ṣe agídí. A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àfi bí omi ṣe ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Alájì mú èso kan tó ti hù lábẹ́ igi ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ilé tirẹ̀. Sàrátù ọmọ rẹ̀ sáré jáde, ó di ọkọ́ mú.

"Bàbá, ṣé ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àgbọn ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Alájì wí. "Ọmọ́tọ́ṣọ́ jẹ tiẹ̀. Èmi náà á jẹ tèmi."

Ó gbìn ín, ó fi ẹsẹ̀ ki ilẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè ló rí Màmá Gbémisọ́lá tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìfọṣọ bọ̀.