Ìdọ̀bálẹ̀ Nílé Onílé

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ èèrà.

Lọ́dún tí mo fi sin ilẹ̀ baba wa lókè Ọya, níbi tí iyanrìn ti tẹ́ lọ láìsí igi, mo máa ń wo èèrà kan báyìí, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tó ń sáré bí ẹni tó tẹ iná. Á rìn ṣégeṣège wá oúnjẹ kiri, ṣùgbọ́n tó bá ti rí i, tààrà ló ń lọ sílé. Oòrùn ló ń júwe ibi tó máa kọjú sí, ara rẹ̀ sì mọ bí ilé ṣe jìn tó. Lọ́jọ́ kan mo fi ìdérí agolo gbé ọ̀kan tó ti rí oúnjẹ, mo lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbòmíràn. Ẹ wá wo ìran! Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ibi tí ì bá kọjú sí tẹ́lẹ̀ náà ló kọjú sí, ó rìn bó ṣe yẹ kó rìn tó, ó wá ń pòòyì, ó ń wá ilé níbi tí ilé kò sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo bá lọ jẹun.

Ìtàn yìí ni mo fi ń dá wọn lára yá nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí a ń ti Adó lọ tọrọ ìyàwó mi ní Ìgèdè: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìyá mi, àti iṣu tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Bàbá ìyàwó, tíṣà ni wọ́n, ti fi ohùn Èkìtì wọn kìlọ̀ ṣáájú: "Bí oòrùn bá kọjá àtàrí kí ẹ tó dé, ẹ máa gbé uṣu yín padà. Ẹni tí kò ka àkókò sí kò lè ka ọmọ mi sí."

Wọ́n ń tún afárá ṣe lójú ọ̀nà tí mo máa ń gbà. Dírẹ́bà gba ẹ̀yìn ìlú, ó sọ̀ wá sílẹ̀ níbi tí n kò dé rí.

"Ìwọ ọmọ yìí, béèrè ọ̀nà," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí.

"Ilé àna mi kẹ̀, Bàbá? Bí mo bá dijú, màá débẹ̀."

Kí ọkọ ìyàwó máa béèrè ilé ìyàwó lójú àwọn àgbà? Mo ṣíwájú. Ṣebí tí mo bá ti bọ́ sílẹ̀, iwájú ni mo máa ń lọ, kí n yà sọ́tùn-ún, kí n wọ ilé tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Mo lọ síwájú, mo yà, mo rí páànù tó dípẹtà. Ilé wo ni páànù rẹ̀ kò dípẹtà ní gbogbo Èkìtì?

Mo na gbalaja, àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dọ̀bálẹ̀ tàgbà-tàgbà. Ìyá mi kúnlẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó fẹ́ ṣe àlùwàlá gbé bútà dání, ó ń wò wá.

"Òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí, "òun la wá tọrọ."

"Ẹ ṣeun o," ni bàbá náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni mo bí. Èwo lẹ fẹ́ nínú wọn?"

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. N kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí eruku ilé onílé bo àyà agbádá rẹ̀ nítorí tèmi.

Bàbá náà ló sìn wá dé ilé àna mi. Oòrùn ti kọjá àtàrí. Bàbá ìyàwó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò jẹ́ kí iṣu wọlé.

"Kí ló dá yín dúró?"

Mo ń wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi bóyá yóò bá mi wá irọ́ kan. Ó ní, "Sọ ìtàn èèrà rẹ fún wọn."

Mo sọ ọ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀, mo sì fi ti ilé tí a ṣì wọ̀ kún un. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

"Èèrà náà ńkọ́?" ni bàbá ìyàwó béèrè. "Ṣé ó délé?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mi ò dúró wò ó."

"O ṣì í lọ́nà, o wá lọ jẹun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá ìyàwó ní, "Padà wá lọ́la, ìwọ nìkan. Láti ibi tí mọ́tò sọ̀ yín sí, béèrè ilé mi ní gbogbo ojúlé. Uṣu yín á sùn síta."

Mo béèrè. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan ni mo ń rántí èèrà yẹn. Bàbá oníbútà tó sìn wá lánàá ti ròyìn èèrà mi káàkiri. Wọ́n ń júwe fún mi, wọ́n tún ń tẹ̀ lé mi, ni gbogbo àdúgbò bá ń pariwo pé, "Èèrà ń bọ̀ o!" Ìtìjú kò jẹ́ kí n gbójú sókè. Ilẹ̀ ni mo ń wò títí mo fi rí iṣu wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ohùn bàbá ìyàwó lókè orí mi:

"Ó ti délé. Ẹ gbé uṣu rẹ̀ wọlé."