Orúnkún Baba Abẹ́rẹ́

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹsẹ̀ Baba Abẹ́rẹ́ télọ̀ kì í dún tó bá ń rìn. Ó máa ń yọ́ rìn débi pé oníbàárà tó bá wá bèèrè aṣọ tó ti pẹ́ jù kì í mọ ìgbà tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú ni ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ ní pá! pá! bí ẹni ń fi pátákó pa aáyán. Sálúbàtà á bọ́ lójú ọ̀nà, òun á sì máa lọ láìmọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ti bá a gbé e délé rí. Wọ́n ní sálúbàtà náà mọ ilé ju olówó rẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń tẹ ẹ̀rọ. Bó bá kọ̀ṣẹ́ pátápátá, ṣọ́ọ̀bù di títì nìyẹn.

“Baba, ẹsẹ̀ yín ti fẹ̀yìn tì,” onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu.

“Irun orí tìẹ ńkọ́? Èwo ló kọ́kọ́ gba ìwé ìsinmi?”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un kiri ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ọ̀kan ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ya ìyàwó tuntun. Òmíràn fa ẹ̀jẹ̀ tó lè kún kòtò. Ẹ̀kẹta fún un ní hóró òògùn títí inú rẹ̀ fi ń ró bíi kóló. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ dókítà obìnrin kan tó mọ̀ nípa iṣan. Ó fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀.

“Ta lẹ ń kanlẹ̀kùn fún?” Baba bi í. “Kò sẹ́ni nílé.”

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì ń kọ̀wé. Baba gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé òsì, ó tẹ́ ìborùn ọmọ rẹ̀ sórí orúnkún, ó ń wá ibi tó tú. Dókítà gbé kálàmù sílẹ̀.

“Baba, ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń jókòó?”

“Báwo ni télọ̀ tún ṣe ń jókòó?”

Orúnkún yẹn ni tábìlì òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n á kọjú síra, wọ́n á tẹ́ etí gáùn fífẹ̀ lé e, òun á máa ṣẹ́tí lọ sápá kan, ìyàwó á gba apá kejì, títí abẹ́rẹ́ méjèèjì á fi pàdé. Obìnrin yẹn ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Á rọra gún un níka: “Ọ̀lẹ, mo ti dé!”

Dókítà fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀. “Iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè gba ibí kọjá. Ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun. Ẹran ara ló ń gbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti rù.”

“Láti ìgbà tí màámi ti lọ ni wọn ò ti jẹun,” ọmọ rẹ̀ ní.

“Ṣé ẹsẹ̀ náà á padà bọ̀ sípò?” Baba bi dókítà.

“Ó lè padà, díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀ mọ́ o.”

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Gáùn yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó gbé e, ó tún yọ̀. Ó wo àga ìyàwó rẹ̀ títí, àga tí kì í jẹ́ kí oníbàárà kankan fìdí kàn. Ó fà á mọ́ra, ó tẹ́ etí gáùn lé e, ó sì ṣẹ́ ẹ yípo títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

“Ó dáa,” ó ní, “ìwọ lo kọ́kọ́ dé.”

Onígbàjámọ̀ yọjú. “Baba, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Tábìlì mi ni. Padà sídìí abẹ rẹ.”

Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ tó gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, sálúbàtà tún bọ́ lójú ọ̀nà, Baba Abẹ́rẹ́ sì dúró. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ó ti bọ́. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e fúnra rẹ̀. Kò dúró láti kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ó ń yára lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún àga.