Àwọn Ẹlẹ́tí Ràhmát

Bí ẹ bá dé Òkè-Àgbò tí ẹ béèrè Ràhmát ọmọ Asimawu, ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún yín pé ó ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ físíìsì ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Ohun tí wọ́n máa wí ni pé, "Ràhmát wo? Èyí tó ń ka ẹlẹ́tí?"

Ìyá rẹ̀ ló dá orúkọ yẹn sílẹ̀. Asimawu ń yan gàrí lọ́jọ́ kan ló bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló ń kà gan-an tí kì í tán. Ràhmát, tí àlàyé dùn mọ́ ju oúnjẹ lọ, fa àpótí ìjókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní sátẹ́láìtì kan wà lókè téńté tó ń yí ayé po, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà lára rẹ̀ tó ń ka ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù. Ó ní ojú kò lè rí wọn, eré wọn sì kọjá sísọ. Ayé fúnra rẹ̀ dà bí òòfà ńlá, òun ló sé wọn mọ́ ibẹ̀. Wọ́n á sáré dé òkè ayé, wọ́n á ṣẹ́rí padà sí ìsàlẹ̀, wọ́n á tún ṣẹ́rí. Wọn kò rọ́nà jáde.

"Kí lo pè wọ́n?"

"Ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù, Mọ́mì."

Asimawu sọ igbá tó fi ń yan gàrí sílẹ̀. "Ẹlẹ́tí! Àwọn àlùjọ̀nnú tó ń yọ́ tẹ́tí lẹ́nu ọ̀nà sánmà nìyẹn! Áfáà wa ti wàásù wọn. Wọ́n ń jí ọ̀rọ̀ àwọn màlékà gbọ́, iná ni wọ́n fi ń lé wọn. Àwọn lo wá ń kà? A'úsù bílláhi!"

Kí gàrí yẹn tó tutù, àdúgbò ti gbọ́. Ìyá Lará, òdìkejì ọ̀nà, tí adìẹ rẹ̀ sọnù, wá bá Ràhmát. "Ràhmá, jọ̀ọ́, bá mi bi àwọn ẹlẹ́tí rẹ bóyá wọ́n gbọ́ ohùn adìẹ mi nínú ìkòkò ẹnì kan." Ràhmát ní wọ́n gbọ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n ti búra pé àwọn kò ní sọ. Ìyá Lará kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Iléyá.

Ẹ̀rín lẹ ń rín yẹn, àmọ́ ara ń ni Ràhmát. Ó ti pẹ́ jù lẹ́nu ìwé yìí. Ìyanṣẹ́lódì gba tirẹ̀ nínú ọdún rẹ̀, àìsí iná gba tirẹ̀. Ọ̀rẹ́dọlá tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti parí, ó ti lọ. Ọkọ rẹ̀, Hafeez, ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ó ti háyà ilé síbẹ̀ dè é, inú fóònù ni ìgbéyàwó wọn sì ń gbé. Ojoojúmọ́ ni Ràhmát ń gun ọ̀kadà Farouk láti Òkè-Àgbò dé Àgọ́-Ìwòyè, tó sì tún ń gùn ún padà, kòtò kan náà, eruku kan náà. Farouk ti mọ ibi tó ti máa ń sín. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, á ní, "Àǹtí, ẹ múra o." Ràhmát a máa wí pé òun àti ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù, ọmọ ìyá ni àwọn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti fẹ́ ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnbáyọ̀, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ti fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí Ràhmát rí dùn-ún gbọ́: ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù ojú sánmà ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ó ku kó lọ dúró níwájú àwọn olùdánwò kó rojọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó sì máa lọ sí Ìlọrin. Àpótí ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Asimawu ń di gàrí tí yóò kó lọ, ó dá a lápárá. "Gbogbo àwọn tó o kà yìí, ṣé o yẹ̀ wọ́n wò pé wọ́n létí lóòótọ́? Àbí adití kan ti yọ́ wọ àárín wọn?"

Ràhmát bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ìdajì tó fi yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Bàbá Ajíbádé ló sọ sí i lọ́kàn. Pọ́tà ni bàbá yìí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin tí Ràhmát gbé nígbà kan. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa, akọ ẹṣin kò lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Nígbà tí ojú náà wá di bàìbàì, Gbọ́láhàn, akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin kan, wọ jílíbáábù Ràhmát, tòun ti irùngbọ̀n, ó fohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kí i, Bàbá sì dáhùn pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi obìnrin." Obìnrin họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn pọ̀ sí i lọ́dún náà!

Ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì náà ní pọ́tà tirẹ̀, tó ń dá ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù mọ̀ yàtọ̀ sí púrótọ́ọ̀nù, tó wúwo jù ú lọ fíìfíì. Ràhmát gbà pé bí pọ́tà yẹn ṣe ríran lọ́dún àkọ́kọ́ ló ṣe ń ríran títí dòní. Ta ló ní kò darúgbó?

Orí àpò gàrí ló ti ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ṣírò ọjọ́ ogbó ẹ̀rọ náà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ àwọn púrótọ́ọ̀nù tó wọ jílíbáábù kúrò. Ìlà tó ti ń gun òkè láti ọdún dé ọdún wá sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹní: ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù kò pọ̀ sí i rárá.

Fóònù dún. Hafeez ni. "Ìyàwó mi, mo ti ra kọ́tìnnì o! Àwọ̀ ewé tó o fẹ́ràn."

"Ó dáa," ni gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀, tó bá panu mọ́. Ó fi òpin ọ̀sẹ̀ náà wo àpótí ẹrù yẹn, àpótí náà ń wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dúró níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Sà, ọkùnrin wà nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì."

"Họ́sítẹ́ẹ̀lì wo?"

Ó gbé kọ̀ǹpútà sí i lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ṣàkíyèsí èyí?"

"Èmi àti màmá mi, sà."

"O mọ̀ pé a máa tún gbogbo rẹ̀ kà? Ó kéré tán, ọdún kan."

"Mo mọ̀, sà."

Farouk gbé e padà. Ràhmát sín níbi tó ti máa ń sín. Nígbà tó délé, Asimawu kàn wo ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gàrí ìrìn-àjò padà sínú ọpọ́n. "Wọn kò jẹ́ kó o lọ?"

"Èmi ni mi ò jẹ́ kí n lọ, Mọ́mì."

"Ó dáa. Lọ́tẹ̀ yìí, máa wo etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ràhmát jókòó lórí àpótí ẹrù rẹ̀, ó pe Ìlọrin. Fóònù ń dún, ó ń dún. Wọ́n gbé e.

"Hafeez," ó ní, "kọ́tìnnì yẹn… má tíì gbé e kọ́."